Bọ́tà Tí Màmá Fi Jẹ Búrẹ́dì: Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Béèrè Nípa Igbó Tí A Ń Jẹ

Arábìnrin kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Mọ́mì mi wá láti Abẹ́òkúta láti bá mi tọ́jú ọmọ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n mú bọ́tà kan nínú fíríìjì, wọ́n fi jẹ búrẹ́dì, wọ́n sì fi din ẹyin. Nígbà tó máa fi tó wákàtí kan àbọ̀, wọ́n ní òòyì ń kọ́ àwọn, àyà àwọn ń lù kìkì, ẹsẹ̀ àwọn ò gbé àwọn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ẹnì kan ti ṣe àwọn láti ilé. Àwa rò pé rọpárọsẹ̀ ni. A ti fẹ́ pe 911 kí àbúrò ọkọ mi tó jẹ́wọ́ fún wa pé òun ló fi igbó se bọ́tà yẹn. Ọkọ mi ní ká má gbé wọn lọ sí ọsibítù, nítorí físà àlejò ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ara wọn ti yá báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé májèlé ni wọ́n jẹ? Ṣé kò ní ba ọpọlọ wọn jẹ́? Àbúrò ọkọ mi ní òfin ti gbà á níbí, àti pé èyí tí a ń jẹ sàn ju èyí tí a ń mu lọ. Ọmọ mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì ti mọ fíríìjì ṣí. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ewu o, ẹ sì bá mi kí Mọ́mì pé wọ́n kú orí ire. Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn lórílẹ̀-èdè yìí, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun létí mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń já yín láyà jù. Ohun tí Mọ́mì jẹ kì í ṣe májèlé tí ń ba ìfun tàbí kíndìnrín jẹ́. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Igbó tó pọ̀ ju ohun tí ara wọn lè gbà lọ ni wọ́n jẹ, láìmọ̀. Àgbàlagbà tó bá jẹ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò, ọpọlọ rẹ̀ kì í bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú lẹ́tà yín tó bà mí lẹ́rù ju òòyì Mọ́mì lọ: pé ẹ dá wọn dúró sílé nígbà tí ẹ kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ara wọn máa já sí, àti pé ọmọ ọdún mẹ́ta ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú bọ́tà yẹn.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ kò sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni ti la ọ̀rọ̀ náà yé Mọ́mì. Bí ẹ kò bá tíì sọ fún wọn, ẹ sọ ọ́ lónìí, kí ẹni tó se bọ́tà náà sì wà níbẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Obìnrin tó ti ké pé wọ́n ti ṣe òun láti ilé, tí a kò sì sọ òkodoro fún un, yóò máa wá ẹni tó ṣe é nínú ọkàn rẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ orogún, ó lè jẹ́ aládùúgbò tí wọ́n jà kí wọ́n tó wọ bàálù. Bí ẹ bá pa á mọ́ nítorí ìtìjú, ẹnì kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní Abẹ́òkúta lè di àjẹ́ lẹ́nu wọn.

Nísinsìnyí, ìdí tó fi jẹ́ bọ́tà. Ohun tó ń yí ènìyàn lójú nínú igbó ni THC. Ewé igbó tí iná kò tíì kàn kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. THCA ló pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn kì í sì í yí ènìyàn lójú. Ooru ló ń sọ THCA di THC. THC kì í sì í fẹ́ bá omi lọ, ọ̀rá ni ó ń wá kiri. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń se é fi ń lo bọ́tà tàbí òróró, tí wọ́n á sì sẹ́ ewé rẹ̀ kúrò. Ohun tó bá kù lè jẹ́ bọ́tà tó ṣú díẹ̀, tó ní àwọ̀ ewé, tó sì ń rùn bí igbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbóòórùn igbó rí lè rò pé bọ́tà tí wọ́n po ewé efinrin mọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lè má rùn rárá. Nítorí náà, ẹ má bá Mọ́mì wí pé wọn kò fura. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi mọ̀ ọ́n.

Àbúrò ọkọ yín ní èyí tí a ń jẹ sàn ju èyí tí a ń mu lọ. Ó tọ̀nà ní apá kan: kò sí èéfín níbẹ̀, èéfín kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ṣì í ló léwu jù. Ẹni tó mu igbó yóò mọ̀ ọ́n lára láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tó bá sì ti tó o, ó lè fi í sílẹ̀. Èyí tí a jẹ gba inú ìfun, ó sì gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ yìí á sọ apá kan nínú THC náà di nǹkan mìíràn tí àwa apòògùn ń pè ní 11-hydroxy-THC, èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an, tó sì máa ń tètè wọ ọpọlọ. Ìrìn-àjò yìí gba àkókò. Ó lè tó ìṣẹ́jú 30, ó sì lè tó wákàtí 2, kí ẹni tó jẹ ẹ́ tó mọ nǹkan kan. Láàárín wákàtí 2 sí 4 ló máa ń le jù, ó sì lè wà lára fún wákàtí 6 sí 8, nígbà mìíràn kó tó 12. Ẹ wo ti Mọ́mì: wákàtí kan àbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, oorun títí di ọjọ́ kejì. Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn tí Colorado bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n tà á ní gbangba, ọmọ Áfíríkà kan tí kò ju ọdún 19 lọ, tó wá láti Congo wá kàwé ní Amẹ́ríkà, jẹ bisikíìtì igbó ní Denver. Mílígíráàmù 65 THC ló wà nínú bisikíìtì náà, wọ́n sì ti kìlọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé ìdá kan nínú mẹ́fà ni kí ènìyàn jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ ìdá kan bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 sí 60, kò rí nǹkan kan, ló bá jẹ gbogbo ìyókù. Nǹkan bíi wákàtí 2 àbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ́ sílẹ̀ láti àjà kẹrin òtẹ́ẹ̀lì, ó sì kú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá ń sọ ọ́, nítorí ọmọ náà gbìyànjú láti tẹ̀ lé ìlànà. Ó jọ pé kò sí ẹni tó là á yé e pé kó dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Bọ́tà ilé wá burú ju bisikíìtì yẹn lọ ní ti pé kò ní òǹkà kankan lára. Ní Maryland, èyí tí ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ ń tà kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 THC lọ fún jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju 100 lọ nínú páálí kan. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò bọ́tà ilé. THC inú igbó ìsinsìnyí lè tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá fi gíráàmù 7 péré sínú bọ́tà tó tó ṣíbí ìjẹun 16, tí ìdajì agbára rẹ̀ nìkan sì wọ inú bọ́tà, ó ju mílígíráàmù 400 lọ. Ṣíbí kan á wá ju 25 lọ. Mọ́mì fi jẹ búrẹ́dì, wọ́n tún fi din ẹyin, ó ṣeé ṣe kí ó tó ṣíbí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi wé oògùn dronabinol, THC tí ilé iṣẹ́ ṣe, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láti ọdún 1985, tí àwa fúnra wa ń fún àwọn tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ń mú bì. Bí a bá fẹ́ fi mú kí aláìsàn tó ti rù lè jẹun, mílígíráàmù 2.5 ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bọ́tà tí a kò rò dáadáa kò dọ́gba, bí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kó jọ sí ojú kan: ègé kéèkì kan lè má ṣe ẹnì kan ní nǹkan, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá ẹlòmíràn wólẹ̀. Kò sí ojú tó lè wo bọ́tà ilé kó mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó sè é pàápàá kò mọ̀, bó ti wù kó dá ara rẹ̀ lójú tó.

Ọmọ yín ni kí n wá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 tí wọ́n tìtorí wọn pe ilé iṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ májèlé, nítorí pé wọ́n jẹ oúnjẹ tó ní igbó nínú, jẹ́ 207 ní ọdún 2017. Ní ọdún 2021, wọ́n ti di 3,054. Inú ilé ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ti rí i jẹ. Àgbàlagbà tó jẹ ẹ́ jù á máa bẹ̀rù, á máa bì, á sùn. Ti ọmọdé kì í rí bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí, á rọ jọ̀wọ́lọ̀, oorun á gbé e lọ tí a kò fi ní lè jí i. Gìrì lè mú un. Èémí rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá a mí. Bí ẹ bá fura pé ọmọ jẹ ẹ́, àní bí kò bá tíì ṣe é ní nǹkan kan, ẹ má dúró wò ó. Ẹ pe 1-800-222-1222; ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń gbọ́ tọ̀sán tòru, wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí kò bá ṣeé jí, tàbí gìrì mú un, tàbí èémí rẹ̀ yí padà, 911 ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo wa bá nílé, pé epo ń pa májèlé. Ẹni tí oorun igbó ń gbé, bí a bá rọ epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọ̀rá gan-an ló sì ń ran THC lọ́wọ́ láti wọ inú ara. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó bì. Bí gìrì bá mú un, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àgbo yẹn ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé lulẹ̀, ó sì ń fi gìrì kún gìrì. Kò sí oògùn tó ń pa agbára THC lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ti ilé kò sí, ti ilé ìwòsàn kò sí. Ohun tí ilé ìwòsàn ní ni ojú tó ń ṣọ́ ènìyàn, afẹ́fẹ́, omi tí a ń fà sára, àti ẹ̀rọ fún ẹni tí èémí ń dá dúró.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ọmọ tó sùn tí kò jí, tí àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn kò mọ ohun tó ṣe é, wọ́n á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn láti fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò, wọ́n á máa wá àrùn yírùnyírùn kiri, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á kúrò nínú gbogbo rẹ̀. N kò ní tàn yín: bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn lè pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ààbò ọmọ, ìyẹn kì í sì í dùn mọ́ ìdílé kankan. Síbẹ̀, ẹni tó ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ yín nígbà tí ọmọ yín ń mí sàn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ.

Ní ti físà Mọ́mì, ọkọ yín ṣì í, ó sì lè ná wọn ní ẹ̀mí. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1986 pàṣẹ pé kí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù yẹ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, yálà ó ní ìwé tàbí kò ní. Owó rẹ̀ lè wọni lára, mi ò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wò ó bóyá wọ́n ní ìǹṣọ́ránsì àlejò. Ṣùgbọ́n obìnrin àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ẹsẹ̀ kò gbé e, kì í ṣe ẹni tí a ń fi pa mọ́ sínú yàrá. Igbó ń mú ọkàn sáré, ó sì lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ bí ènìyàn bá dìde lójijì. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè gbé wọn ṣubú. Bí ó bá jẹ́ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n ń lò, igbó lè jẹ́ kí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. N kò lè ti inú lẹ́tà yẹ ọkàn wọn wò. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n gbé wá láti ilé dání, títí kan àgbo.

Ẹni tí ọ̀ràn ìwé kàn gan-an ni àbúrò ọkọ yín. Lóòótọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023 ni Maryland ti gbà á fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ní ti òfin àpapọ̀, igbó ṣì jẹ́ èèwọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ìwé ìgbélùú sì kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 pé ẹni tó bá lò ó, àní níbi tí ìpínlẹ̀ ti gbà á, lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè. Bí káàdì ìgbélùú ni ó ní, kó lọ rí agbẹjọ́rò kó tó kọ fọ́ọ̀mù kankan. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di bisikíìtì tàbí súìtì rẹ̀ mọ́ ẹrù Mọ́mì nígbà tí wọ́n bá ń padà sí Nàìjíríà. Àwọn NDLEA wà ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń mú.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò béèrè. Ẹ̀yin ni ìyá ọmọ tuntun. Ṣé ẹ̀yin náà jẹ nínú ẹyin yẹn? THC ń bá ọ̀rá lọ, ọ̀rá sì wà nínú omi ọmú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 rí i nínú omi ọmú àwọn ìyá kan títí di nǹkan bíi ọjọ́ 6 lẹ́yìn tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Bí ẹ bá jẹ nínú rẹ̀, ẹ pe dókítà ọmọ yín kí ẹ tó pinnu ohunkóhun lórí ọmú. Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín. Bí oorun ọmọ náà bá pọ̀ jù tàbí tí kò fa ọmú bó ṣe máa ń fà á, ẹ má dúró de ọjọ́ mìíràn.

Bọ́tà náà wá kù. Àwọn kan á ní kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn, kí ẹ gbé e sí òkè fíríìjì. Kò tó. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè kàwé, ó sì ń gun àga. Bí àbúrò ọkọ yín kò bá lè ṣe láìlò ó, kó lọ ra èyí tí òǹkà wà lára rẹ̀ ní ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ, kó fi sílẹ̀ nínú páálí tí ọmọdé kò lè ṣí, kó tì í mọ́ inú àpótí onílọ́ọ̀kì nínú yàrá tirẹ̀, kì í ṣe nínú fíríìjì gbogbo ilé. Kó kọ ọ́ sí i lára ní Yorùbá pẹ̀lú: IGBÓ NI, Ẹ MÁ JẸ Ẹ́. Ní ti èyí tó wà nílẹ̀ yìí, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó sùn mọ́ inú ilé yín. Bọ́tà tí a po ewé mọ́, tí a dé pa síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tún lè gbin kòkòrò botulism, tó ń mú májèlé wá, èyí tí ojú tàbí imú kò lè mọ̀. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ tàbí èérún kọfí tí a ti lò, kó má ṣeé jẹ mọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá tó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e sí pàǹtírí ìta. Ẹ má jù ú sílẹ̀ níbi tí ajá aládùúgbò lè gbé e. Ajá tó bá jẹ ẹ́ á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, á máa tọ̀ sára, òun náà á sì nílò dókítà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ páànù tí wọ́n fi din ẹyin, ọ̀bẹ, àti abọ́ tí bọ́tà náà wà. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo àgbàlagbà inú ilé, títí kan Mọ́mì, fi 1-800-222-1222 sínú fóònù wọn.